Canon tuntun inú páálí àbí tòkunbọ̀: kámẹ́rà wo ni kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ rà?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń fi fóònù ya fọ́tò ìkómọ àti ọjọ́ ìbí, iṣẹ́ sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ tí mo bá ti yọ fóònù jáde lóde báyìí, ojú làwọn èèyàn fi ń bi mí pé kámẹ́rà dà. Mo gba àjọ lóṣù tó kọjá. Ẹnì kan ní kí n lọ ra Canon 4000D tuntun inú páálí. Ẹlòmíì ní 600D tòkunbọ̀ ló dáa. Ẹ̀kẹta búra pé Nikon D3500 ló ń jẹ́ kámẹ́rà. Ẹ̀kẹrin ní kí n má dá owó sí DSLR, àwọn kámẹ́rà tó ní díńgí nínú yìí, mọ́ rárá, pé ayé ti kúrò níbẹ̀. Owó ọwọ́ mi kò lè ra méjì. Èwo ni kí n mú?"

* * *

Àbúrò, gbogbo wọn ló sọ òótọ́ díẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ẹ lójú. Kí n má baà fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, tèmi rèé: ra tòkunbọ̀ tó mọ́, kí o fi owó tó kù ra lẹ́ńsì kan àti fíláàṣì kan. Bó o bá fi gbogbo owó àjọ ra bọ́dì, ìyẹn kámẹ́rà fúnra rẹ̀, bọ́dì nìkan náà lo máa gbé kọ́rùn lọ sóde, òkùnkùn inú gbọ̀ngàn á sì máa dúró dè ẹ́.

Ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó ní kí o ra tuntun yé mi. Tuntun ní páálí, ó ní rìsíìtì, kò sẹ́ni tó ti fi lá òógùn rí. Ọdún 2018 ni Canon gbé 4000D àti 2000D jáde. Ṣùgbọ́n wo ohun tí wọ́n yọ kúrò kí owó 4000D tó lè wálẹ̀. Ibi tí lẹ́ńsì ti ń wọ bọ́dì, ike ni, kì í ṣe irin. Kò ní bọ́tìnnì ìtanná tirẹ̀ lọ́tọ̀. Rọbọtọ orí rẹ̀ tí a fi ń yan ọ̀nà ìyàwòrán bíi M tàbí P la tún fi ń tan án. Sensor rẹ̀, ohun inú tó ń gba àwòrán, jẹ́ megapixel 18, iye kan náà tí 600D ti ní láti ọdún 2011.

Èyí tó kàn ẹ́ jù kò sí lára àwọn tí mo kà yẹn o. Dé ṣọ́ọ̀bù, mú 600D kan, wo orí rẹ̀ níbi tí fíláàṣì ń wọ̀ sí. Wàá rí irin róbótó kan láàárín, tó tóbi ju àwọn kéékèèké tó wà nítòsí rẹ̀ lọ. Wá mú 4000D tàbí 2000D, wo ojú ibẹ̀ kan náà. Irin àárín yẹn kò sí. Òun ló sì ń sọ fún fíláàṣì, ti ilé-iṣẹ́ yòówù kó jẹ́, pé ó tó àkókò láti tàn. Láìsí i, fíláàṣì aláfọwọ́yí olówó pọ́ọ́kú tí ọ̀pọ̀ wa fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò ní tàn, tírígà (ohun tó ń pàṣẹ fún fíláàṣì láti òkèèrè) tí kò lówó lórí náà kò ní dáhùn. Wàá ní láti wá èyí tó gbọ́ èdè Canon, owó ìyẹn sì yàtọ̀. Ẹni tó ń ya òdòdó lẹ́yìnkùlé lè lò ó títí ayé kó má mọ̀ pé nǹkan sọnù. Ìwọ tó ń ya ìkómọ ní pálọ̀ lágogo méje àárọ̀ ni yóò ká mọ́ lára.

600D ní tirẹ̀ ní irin àárín yẹn. Ojú ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé ṣí síta kí a yí i. Ihò máìkì wà lára rẹ̀. Rebel T3i ni wọ́n ń pè é bó bá ti Amẹ́ríkà wá, Kiss X5 bó bá ti Japan wá. Kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ mẹ́ta ta kámẹ́rà kan náà fún ẹ ní owó mẹ́ta.

* * *

"Tòkunbọ̀ ti gbó. Ṣé ẹ fẹ́ kó kú mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ lóde ni?"

Ó lè kú lóòótọ́. Ẹni tó bá ń ra tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, bí ẹni ń ra ewúrẹ́ ṣe ń la ẹnu rẹ̀ wo eyín. Ìgbà kan tí mo bá àbúrò mi kan lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, ọmọ ọjà tó fẹ́ tà fún wa mú lẹ́ńsì, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, ó gbé e sókè sí oòrùn: "Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n, ó mọ́ bí omi." Lójú oòrùn ọ̀sán, kò sí lẹ́ńsì tí kò mọ́. Mo wọ abẹ́ àtíbàbà, mo yọ tọ́ọ̀ṣì, mo tàn án gba ẹ̀yìn lẹ́ńsì wọlé. Òwú funfun tín-ín-rín bíi ti aláǹtakùn ti nà láti etí dé àárín. Ó ti bu nínú, bíi búrẹ́dì tó pẹ́ nínú ọ̀rá. Ọmọ náà wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó fà á padà sínú àpótí, ó mú òmíràn. Òmíràn yẹn mọ́, òun la rà. N kò sọ pé olè ni o. Ọjà ló ń tà, èmi ni mo ní ojú.

Ibi tí mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì yẹn, owó mi ni mo fi kọ́ ọ. Lẹ́ńsì àkọ́kọ́ tí mo rà, oòrùn ni mo gbé e sí. Ilé ni mo ti rí òwú.

Bátìrì àti káàdì tìrẹ ni kí o mú lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ fún ẹ pé "bátìrì ló fa èyí". Yí lẹ́ńsì sí f/22 (f ni wọ́n fi ń ka bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó: bí nọ́ńbà bá ti ń tóbi ni ojú ń kéré), ya ojú ọ̀run lẹ́ẹ̀mẹta, fẹ fọ́tò náà tóbi lójú kámẹ́rà. Àmì dúdú tó bá dúró sójú kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, eruku orí sensor ni, ó ṣeé fọ̀, jẹ́ kí wọ́n dín owó kù. Bó bá jẹ́ ìlà gbọọrọ láti òkè délẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún kí o máa lọ.

Lẹ́yìn náà ni iye ìgbà tí shutter, ilẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀ tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀, ti ṣí. Nikon máa ń kọ ọ́ sínú fáìlì fọ́tò fúnra rẹ̀. Ya ọ̀kan, gbé e sórí láptọ́ọ̀pù, wàá kà á. 600D kì í kọ ọ́ síbẹ̀, okùn USB àti ètò kékeré kan lo máa fi bi í léèrè. Bó bá ti kọjá 100,000, èmi máa ń ná an bí ẹni ń ná ọkọ̀ tí kò ní táyà. Ẹni tí kò bá ní láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́, kó wo ojú irin tí fíláàṣì ń wọ̀ sí. Bí ọ̀dà ibẹ̀ bá ti bó tán, tí wọ́n wá ń sọ fún ẹ pé "5,000 péré ló tíì yà", ìwọ náà mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀.

* * *

Ẹgbẹ́ Nikon ti dìde sí mi. Ẹ jẹ́ n fún yín ní ẹ̀tọ́ yín ná. Lórí òdiwọ̀n kan ṣoṣo tí àwọn ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà ń lò, bátìrì D3500 ń ya fọ́tò 1,550 kó tó kú. Ti 2000D jẹ́ 500. Níbi tí iná ti máa ń lọ ní Jímọ̀ tí kò sì ní dé títí òde Sátidé fi máa parí, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Mo ti jókòó ti jẹnẹrétọ̀ alásè lẹ́yìn ilé àríyá rí, tí mò ń ṣájì bátìrì, tí wọ́n ń ké sí mi níwájú pé ìyàwó fẹ́ wọlé.

Ṣùgbọ́n D3500 kò ní ihò máìkì. Lónìí tí ìyá ọlọ́mọ ń béèrè fídíò kékeré mọ́ fọ́tò, wàá rántí rẹ̀. Ohun kan sì tún wà tí ẹgbẹ́ Nikon kì í sọ títí èèyàn á fi sanwó tán: láti D3000 dé D3500, àti àwọn tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ láti D5000, kò sí mọ́tò nínú bọ́dì tó ń yí lẹ́ńsì. Bó o bá rí 50mm f/1.8D ní ẹ̀dínwó, tó o gbé e délé tayọ̀tayọ̀, ọwọ́ lo máa fi máa yí i kó tó ríran dáadáa. Èyí tí wọ́n kọ AF-S sí lára lo máa wá, bíi 35mm f/1.8G tó jáde ní 2009. Bó bá jẹ́ pé Nikon náà lọkàn ẹ fẹ́, fojú sílẹ̀ fún D5300 ti ọdún 2013. Ó ní ihò máìkì, ojú rẹ̀ sì ń ṣí síta.

Àbúrò, orúkọ tó wà níwájú kámẹ́rà kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò tí ẹnì kan bá bi mí. Ta ni ọ̀gá tó sún mọ́ ẹ jù ní Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn, kí ló ń lò? Bó bá jẹ́ Canon, ra Canon. Bátìrì rẹ máa kú lọ́jọ́ kan, wàá nílò lẹ́ńsì gígùn fún ìwúyè lọ́jọ́ kan, wàá sáré lọ bá a pé "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi." Lẹ́ńsì Nikon kò ní wọ ojú Canon, bó ti wù kí ẹ fẹ́ràn ara yín tó.

* * *

Ọ̀rọ̀ "ayé ti kúrò níbẹ̀" wá kù.

Òótọ́ ni. Nikon D6 tí wọ́n kéde ní oṣù kejì ọdún 2020, kò tíì sí DSLR tuntun mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Canon 850D dé ní oṣù kejì ọdún náà, ẹnu wọn náà sì pa. Àwọn tí kò ní díńgí nínú ni àwọn méjèèjì ń gbé jáde ní tuntun báyìí. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ibi tí mo ti bá wọn jiyàn ni ohun tí wọ́n fà yọ nínú rẹ̀. Òun ló jẹ́ kí àwọn tó rówó máa ta èyí tí wọ́n ń lò, òun ló jẹ́ kí lẹ́ńsì tó dáa máa bọ́ sọ́wọ́ ọmọ tó gba àjọ. Ìyá ọlọ́mọ kò ní béèrè bóyá díńgí wà nínú kámẹ́rà rẹ. Ojú ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ rí.

J.D. 'Okhai Ojeikere, tí fọ́tò irun dídì tó yà kárí ayé, kámẹ́rà Brownie D kan tí kò ní fíláàṣì ló fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1950. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Ó dáa, ẹ lọ ra tuntun.

* * *

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ra 600D náà, lẹ́ńsì 18-55 ló bá a wá. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ ṣe wí. Ṣùgbọ́n fọ́tò inú gbọ̀ngàn dúdú, ó sì ń rí wúruwùru. Fóònù mi tẹ́lẹ̀ gan-an sàn jù ú lọ!"

Ẹ kú ọjà o! Má bínú sí kámẹ́rà. Fóònù ń ya fọ́tò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ń pa wọ́n pọ̀ kó tó fi hàn ẹ́. Kámẹ́rà yìí, ohun tó o bá pa láṣẹ ló ń ṣe.

Tó o bá fa 18-55 yẹn dé 55, f/5.6 ni ojú rẹ̀ lè ṣí mọ. 50mm f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí ìyẹn ń gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo pé kí o má ná gbogbo owó sórí bọ́dì. Àwọn kan á ní 50mm nìkan tó, kí o gbàgbé 18-55. Èmi kò gbà. Lórí 600D, 50mm ń ríran bíi 80mm, ó ń fa nǹkan sún mọ́ tòsí. Nínú pálọ̀ ìkómọ, wàá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́ ògiri, síbẹ̀ orí bàbá àgbà àti ọwọ́ ìyá ìyàwó á ti gé kúrò. Inú pálọ̀, 18-55 ni, ní nǹkan bíi 20, pẹ̀lú fíláàṣì. Gbọ̀ngàn àti ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan, 50mm ni.

Fíláàṣì náà, má kọ ọ́ sí èèyàn lójú. Yí orí rẹ̀ sókè sí àjà, kí ìmọ́lẹ̀ lọ gún òkè kó tó padà sọ̀kalẹ̀. Àjà funfun ni mo ń sọ o. Bó bá jẹ́ pákó tó ti dúdú, gbogbo ẹbí á pọ́n bí ẹni tí wọ́n fi epo pa. Má sì jẹ́ kí shutter yára kọjá 1/200 ìṣẹ́jú-àáyá tí fíláàṣì bá wà lórí 600D. Bí tírígà olówó pọ́ọ́kú bá gbà ẹ́ láyè láti kọjá bẹ́ẹ̀, apá kan fọ́tò á dúdú bí aṣọ ìkélé. Bí kò bá sí fíláàṣì, 1/125 ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀, mo sì ń jẹ́ kí ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń fojú mú ìmọ́lẹ̀ tó) gun 1600 láìbẹ̀rù. Fọ́tò tó ní hóró díẹ̀ ṣeé tà. Èyí tó mì kò ṣeé tà. Tó o bá wá rí ìlà dúdú tó ń gba ojú fọ́tò kọjá lábẹ́ àwọn gílóòbù LED, wálẹ̀ sí 1/100 tàbí 1/50. Iná tiwa ń yí nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwọn gílóòbù kan sì ń bá a ṣẹ́jú.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló ń bà wá jẹ́ jù nílẹ̀ Yorùbá, n kò sì rí ìwé tó ń bá kámẹ́rà wá tó sọ ọ́. Kámẹ́rà kò mọ̀ pé léèsì funfun ló ń wò. Ohun gbogbo ló fẹ́ sọ di àwọ̀ eérú. Tí ìyàwó bá wọ funfun látòkè délẹ̀, kámẹ́rà á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ọmọbìnrin náà tó dúdú dáadáa á sì wọlé sínú òkùnkùn. Tí ọkọ bá wọ agbádá dúdú, á ṣe òdì kejì rẹ̀, ojú ọkọ á máa dán bí àwo. Nítorí náà, ojú èèyàn ni kí o máa wò, má wo aṣọ. Bó o bá wà ní P tàbí Av, di bọ́tìnnì Av± mú, yí rọbọtọ iwájú lọ sí ọ̀nà àfikún díẹ̀ fún funfun, sí ọ̀nà àyọkúrò fún dúdú. Fẹ fọ́tò náà tóbi, wo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí o bá rí bí awọ ara ṣe rí gan-an níbẹ̀, ó ti tó.

Kánópì náà ńkọ́? Búlúù ló sábà máa ń jẹ́, gbogbo àlejò abẹ́ rẹ̀ á sì di búlúù. Fà wọ́n bọ́ sí etí rẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ìta ti ń wọlé. Mo ti lo òru méjì gbáko lórí láptọ́ọ̀pù rí láti fọ búlúù kúrò lójú ìyá arúgbó kan, tí mi ò bá sì ti ní kó sún síwájú ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, mi ò bá ti sùn.

* * *

Bàbá kan tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ayé fíìmù dá sí i: "Fọ́tò 36 ló wà nínú fíìmù wa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ìbọn lẹ̀ ń yìn."

Ẹ kú àgbà, sà. Mo gbà fún yín lórí pé a kì í ronú kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹbí ogún dúró lórí ìlà, ẹnì kan á dijú, ẹ̀yin náà mọ̀. Mẹ́ta ni mo máa ń yà fún irú ìyẹn, n kì í ya ọgbọ̀n. Ẹni tó bá ya 2,000 fún ìkómọ kan, òun náà ló máa jókòó yan 100 nínú rẹ̀, oorun rẹ̀ ló ń jẹ.

* * *

Ọ̀rọ̀ káàdì, kí n tó gbàgbé. Ìgbéyàwó kan ni mo lọ. Mo ra káàdì 64GB lọ́wọ́ ẹnì kan ní ìdajì iye tó yẹ, mo ní orí mi ṣe mí ní rere. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa lójú kámẹ́rà. Alẹ́ ni mo tó gbé e sórí láptọ́ọ̀pù: ìwé títẹ́wọ́gbà dé ìdọ̀bálẹ̀ wà, láti ìgbà tí wọ́n ti gé kéèkì, fáìlì wà, fọ́tò ò sí. Eérú lásán. Káàdì 8GB ni wọ́n fi orúkọ 64 wọ̀. Ìyá ìyàwó kò pariwo rárá. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, ṣé kéèkì yẹn, ṣé a tún un gé ni?" Mo dá owó wọn padà, ó sì dùn mí títí di òní.

Ra káàdì 16GB méjì dípò 64 kan. Kó o tó gbé e lọ sóde, fi ètò H2testw kọ nǹkan kún inú rẹ̀ dẹ́nu lórí láptọ́ọ̀pù, kí ó kà á padà. Káàdì ayédèrú kò ní lè ka èyí tó kọjá agbára rẹ̀. Ó ń gba àkókò, fi sílẹ̀ kí o lọ jẹun.

Ní ti ìtọ́jú, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Ọyẹ́ ń kó eruku wọ inú rẹ̀, nítorí náà má pààrọ̀ lẹ́ńsì ní ìta gbangba, má sì fẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ lò ń fún un. Àsìkò òjò ló ń mú lẹ́ńsì bu. Ike oúnjẹ tó ní ọmọrí tó lè pa dé ni mo ń tọ́jú tèmi sí, pẹ̀lú àpò hóró kéékèèké tó ń bá bàtà tuntun wá. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sí i lára pé kí a má jẹ ẹ́.

* * *

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo fọ́tò ìkómọ àná. Ọ̀gá tó wà ládùúgbò yá mi ní 50mm."

Mo ti wò ó. Èyí tí ìyá àgbà fi ìka kan oyin sí ètè ọmọ, mo fẹ̀ ẹ́ tóbi: oyin náà ń dán, ìlà ọwọ́ ìyá àgbà hàn, ìdí ìka rẹ̀ ṣì ní epo díẹ̀ láti inú ilé ìdáná. Fóònù rẹ kò ní yà á bẹ́ẹ̀. Etí ọmọ kò hàn kedere nítorí f/1.8 lo lò ní ìtòsí tó bẹ́ẹ̀. Lọ sí f/2.8 nígbà míì. Léèsì ìyá ọmọ ti fa ojú rẹ̀ sínú òkùnkùn díẹ̀, mo ti sọ ọ́. Dá lẹ́ńsì ọ̀gá padà lónìí, má jẹ́ kó tó béèrè.

Èló lo gbà lọ́wọ́ wọn?